Níbo ni kí n fi ajá mi sí fún ọjọ́ 16, báwo ni kí n sì ṣe san owó rẹ̀?

Ìyá Tanímọ̀la, Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àbújá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, mo sì gbọ́dọ̀ lọ bá a wẹ ọmọ fún ọjọ́ 16, torí pé n kò lè ti ìsọ̀ mi ní Lágere pa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí baálé mi ti ṣaláìsí, èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi, nìkan ni a jọ ń gbé ilé. Ó ti pé ọmọ ọdún 6. Ajá ilẹ̀ wa ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ajá Jámánì. Bí ó bá ti rí i pé mo gbé àpò ìrìn-àjò sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, orí àpò náà ni yóò lọ dùbúlẹ̀ sí, yóò gbé àgbọ̀n lé ṣíìpù rẹ̀, kò sì ní dìde títí n ó fi rọra fà á kúrò. N kò fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ rí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ilé kan wà lójú ọ̀nà Ẹdẹ tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ajá; ₦4,000 ni wọ́n ń gbà lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì ní kí n san ₦64,000 pátá kí n tó mú un wá. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní òun lè máa wá sí ilé mi láàárọ̀ àti lálẹ́ láti fún un lóúnjẹ, ₦2,000 lóòjọ́. Àbúrò mi ní Iléṣà kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wà nílé rẹ̀, ọmọ ọdún méjì wà níbẹ̀, ọgbà kò sì yí ilé náà ká. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ṣé ó bójú mu kí èèyàn san gbogbo owó sílẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ọ̀bọ̀kun, Iléṣà

Ẹ kú ìmúra ìkómọ, mà. Olúwa yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni n ó sọ, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, a lọ sìnkú ní Èkìtì, mo sì fi ajá mi sílẹ̀ níbì kan tí mo kàn rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Àwòrán náà dára, owó wọn kò pọ̀, n kò sì débẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ni mo fi ajá rán sí wọn. Ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin nọ́káòtì, ẹ̀rù ba ajá, ó sì fo ọgbà tí kò ga ju àyà èèyàn lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó pè mí. Ó dùn mí pé ó sọnù, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún mi ló dùn mí jù, nítorí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èèyàn lè fi wá ajá tó sá. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ajá ni ẹran Ògún nílẹ̀ yìí, àwọn kan sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Ajá tó bá ń rìn kiri láìsí olówó rẹ̀ nítòsí kì í pẹ́ níta. A kò rí i mọ́ títí di òní.

Nítorí náà, mà, ẹ má ṣe bá wọn dá àkókò tí ẹ fẹ́ wá wo ibẹ̀. Ẹ yà síbẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lọ, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó yẹ kí àwọn ajá ti jẹun. Ẹ wo inú abọ́ omi wọn: bí ìdí rẹ̀ bá ti ń yọ̀, tí ó ní àwọ̀ bí ewéko, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọ̀ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ibi tí ajá ń sùn gan-an. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, bóyá òòrùn ọ̀sán kì í bọ́ sí i lórí tààrà, bóyá ilẹ̀kùn méjì ló wà láàárín ajá àti títì. Kí ẹ sì wo bí àwọn ajá ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Bí ó bá wọlé tí wọ́n ń ju ìrù, tí wọ́n ń dá a mọ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá fà sẹ́yìn tí wọ́n ká ìrù sábẹ́, ẹ máa lọ sílé yín.

Dókítà Ẹran, Ilé-Ifẹ̀

Mo gba ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú wọlé, mo sì fẹ́ fi ti ìlera kún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ fi ajá sí ni pé, ṣé wọ́n máa ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó gba ajá wọlé? Bí wọn kò bá béèrè ti Tanímọ̀la, ẹ mọ̀ pé wọn kò béèrè ti àwọn ajá tí yóò bá sùn níbẹ̀ náà. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbọ́dọ̀ wà lára káàdì náà. Àrùn yìí kò ní ìwòsàn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, yálà lára ajá tàbí lára èèyàn. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ìrìn-àjò bá ku ọ̀la kí ẹ tó wá gba abẹ́rẹ́. Ajá tí kò gba ti dìgbòlugi rí nílò ọjọ́ 28 kí a tó lè kà á sí ẹni tí abẹ́rẹ́ ń dáàbò bò, àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára yòókù sì nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Àrùn tí mo máa ń rí jù lára ajá tó ti ibi ìtọ́jú dé ni èyí tí a ń pè ní páfò, pàápàá lára àwọn ọmọ ajá: yóò máa bì, yóò sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ohun tó tó ọdún kan, ọṣẹ lásán kò sì lè pa á. Ó di kí wọ́n kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí kúrò, kí wọ́n fọ ilẹ̀, kí wọ́n wá da háípò sí i, ìwọ̀n kan háípò sí ìwọ̀n 30 omi, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó parí ìbéèrè.

Ẹ fi oògùn eégbọn sí i lára ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ẹ bá sì gbà á padà, ẹ yẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti inú etí rẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni eégbọn máa ń sá pamọ́ sí; òun ló ń kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ràn wọ́n, tí èrìgì wọn á fi funfun, tí ara wọn á sì máa gbóná. Ẹ gbé oúnjẹ tó ń jẹ nílé dání, torí pé bí a bá yí oúnjẹ ajá padà lójijì, ó lè máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀bà tí a da ọbẹ̀ alálùbọ́sà lé lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkẹ́ ni, ṣùgbọ́n májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ajá.

Ní ti Iléṣà, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajá tí kò bá ewúrẹ́ àti ọmọ kékeré gbé rí, tí kò sì rí olówó rẹ̀, kò yẹ kí a dán an wò nílé tí kò ní ọgbà.

Olùtọ́jú Ajá, ọ̀nà Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó ni n ó dá sí. Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá òru ni wọ́n ń kà tàbí ọ̀sán. Bí ẹ bá mú ajá wá ní ọjọ́ kìíní, tí ẹ sì wá gbà á ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, òru 15 ni ó sùn níbẹ̀, ₦60,000 sì ni owó rẹ̀ yóò jẹ́ dípò ₦64,000. Inú irú ìṣirò yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá fẹ́ gba ajá rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹ san gbogbo owó sílẹ̀. Ìdajì ni èmi máa ń gbà, wọn a sì san ìdajì tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ajá wọn tí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ẹni tó bá béèrè àsansílẹ̀, nítorí pé ojú àwa náà ti rí nǹkan. Ajá kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí láti ìgbà Àjíǹde, ẹni tó mú un wá ní ọjọ́ márùn-ún péré ni, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Mo ń bọ́ ọ, n kò lè lé e síta.

Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Nínú ìwé náà, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ti àìsàn. Ta ni yóò pinnu bí ajá bá ṣàìsàn láago méjì òru, tí fóònù yín kò sì lọ? Ẹ kọ orúkọ dókítà tí ẹ fẹ́, ẹ kọ iye tí wọ́n lè ná láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín, fún àpẹẹrẹ ₦25,000, ẹ sì kọ orúkọ ẹnì kan ní Ifẹ̀ níbí tó lè dúró fún yín. Mo ti rí ajá tó kú nítorí pé olùtọ́jú rẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí òun bá ná owó, olówó rẹ̀ kò ní san án padà. Bákan náà, kí ẹ kọ iye tí ọjọ́ kan yóò jẹ́ bí ẹ bá pẹ́ ju àdéhùn lọ, torí pé ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí ìyá àgbà tètè padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lè jẹ́ ọmọ dáadáa. Àmọ́ láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, bíi wákàtí 12 ni ajá tí kò dá wà rí yóò fi wà lóun nìkan, kọ́kọ́rọ́ ilé yín yóò sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa.

Ìyá Tanímọ̀la, Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín, ẹ kò ní rí ogun àdánù. Ọmọ Ọ̀bọ̀kun, mo bá yín kẹ́dùn. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á.

Mo yà sí ibi tó wà lójú ọ̀nà Ẹdẹ láìsọ fún wọn. Wọ́n fún mi ní àga nínú pálọ̀, wọ́n sì gbé omi tútù fún mi, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n dé ẹ̀yìnkùlé. Mo dìde. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ló júwe obìnrin kan fún mi ní Modákẹ́kẹ́, tí ajá mẹ́rin péré ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì ni ó kọ́kọ́ béèrè kí ó tó kí mi tán. Ọgbà rẹ̀ ga ju mí lọ, mo sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí, ó gbẹ. ₦4,500 ni òru kan lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tó jẹ́ ₦67,500 fún òru 15. Ó gbà kí n san ìdajì, ó sì fọwọ́ sí ohun tí mo kọ nípa dókítà.

Ní alẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ní kí Tanímọ̀la sùn níbẹ̀ fún òru kan ṣoṣo láti dán an wò. Obìnrin náà pè mí láago mẹ́wàá pé kò fẹnu kan oúnjẹ, ó kàn kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ìró kan tí mo ti wọ̀ tí n kò tíì fọ̀ fún ọlọ́kadà kí ó bá mi gbé e lọ, obìnrin náà sì fi ránṣẹ́ sí mi nínú fídíò lẹ́yìn náà pé Tanímọ̀la ti dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó sì ti jẹ díẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni n ó gbéra. Dókítà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, oṣù mẹ́ta ló kù. Ṣé kí n ṣì mú un wá fún oògùn eégbọn lọ́la, tàbí ó ti pẹ́ jù?

Dókítà Ẹran, Ilé-Ifẹ̀

Kò pẹ́ jù rárá, mà. Ẹ mú un wá lọ́la, kí ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé.