Ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún àgbẹ̀: ta ló yan ohun tí wọ́n kọ́ yín?

Àgbẹ̀ Kuje: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ̀yin tó ń dáko ní Àbújá àti Òkè Ọya, ṣé wọ́n máa ń bi yín kí wọ́n tó wá kọ́ yín níṣẹ́? Oṣù kẹfà ni wọ́n pe àwa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo fi padà dóko, koríko ti bo àgbàdo mi mọ́lẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Gwagwalada: Tiwa yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ irúgbìn àgbàdo ni wọ́n gbé wá, àwa obìnrin ní rárá, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà wa ló ń pa wá lẹ́kún. Mai anguwa, olórí àdúgbò wa, bá wa sọ ọ́. Ni wọ́n bá lọ gbé àpò onípele mẹ́ta wá, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde, wọ́n sì sún ẹ̀kọ́ náà sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a bá ti ọjà dé. Ẹ̀wà gbígbẹ ni mo dà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́. Mo tẹ afẹ́fẹ́ jáde, mo lọ́ ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, mo ká a wálẹ̀, mo so ó pinpin. Bákan náà ni ìkejì. Kòkòrò ò rí afẹ́fẹ́ mí, ó kú síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún mo tú u lójú gbogbo ẹgbẹ́. Múdù tí mo kọ́kọ́ bù, bí ìgbà tí mo dà á sínú ọ̀rá ni! Omijé bọ́ lójú mi.

Àkàndé Zuba: Eku ńkọ́? Tèmi, eku ti dá a lu lọ́sẹ̀ kejì.

Ìyá Ẹlẹ́wà: Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ gbé e sí. Orí pákó là ń tò ó, kì í kan ògiri.

Ọmọ Bwari: Kí ló dé tí ẹ ò gbin SAMPEA 20-T, irúgbìn ẹ̀wà tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, Zaria, gbé jáde ní 2019? Kòkòrò ò lè jẹ ẹ́.

Àgbẹ̀ Kuje: Àbúrò, kòkòrò tó ń lu èso lóko ni ìyẹn ń dènà. Ti inú àpò ọ̀tọ̀ ni.

Ọmọ Bwari: Há. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

Alhaja Minna: Ọ̀rọ̀ èdè ló dùn mí jù. Òyìnbó ni olùkọ́ ń sọ, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, àwọn ìyá Gbagyi tó wà lẹ́yìn kàn ń mi orí. Ọmọ iléèwé kan ló dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn lédè wọn. Ìbéèrè ya lulẹ̀ bí òjò, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀.

Àkàndé Zuba: Ìyá, èló ni àpò yẹn báyìí? Mo ti rí pákó.