DNP ni àbí PhD? Nọ́ọ̀sì tó ti ní másítà l'Ábùjá ń béèrè

Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní BNSc (oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì) àti MSc, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Mo fẹ́ dé ipò ọ̀gá nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n sì máa kọ́ni pẹ̀lú. Yunifásítì Amẹ́ríkà kan ń polówó DNP (Doctor of Nursing Practice, oyè dókítà tó dá lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́) orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní kí n lọ ṣe PhD ní Záríà tàbí Ifẹ̀. Èwo ni kí n náwó lé? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san kọ́bọ̀?

Mátírọ́nù Kúbwà:
Àbúrò, o káre tó o béèrè kí o tó san owó. Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe lọ́la ni kí o kọ́kọ́ mú, oyè á tẹ̀lé e. PhD jẹ́ oyè ìwádìí: ìmọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ. Ní ti DNP, ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni wàá mú wọ wọ́ọ̀dù, bíi kí o dín egbò ẹ̀yìn àwọn aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ pẹ́ kù, kí o sì fi hàn pé ó dín kù lóòótọ́. Tí o bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì Nàìjíríà, PhD ni wọ́n máa béèrè nígbà ìgbéga.

Ẹ̀kọ́ DNP lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtọ́jú aláìsàn kò lè wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka nurse practitioner (nọ́ọ̀sì tó ń ṣàyẹ̀wò àrùn tó sì ń kọ oògùn), wọ́n á béèrè láísẹ́ǹsì RN (nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀) ti ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé o ti yege NCLEX-RN, ìdánwò láísẹ́ǹsì wọn. Láísẹ́ǹsì Council wa, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò lè dípò rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ wákàtí. Ìlànà AACN (ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Amẹ́ríkà) ti 2006 ní kí ẹni tó máa gba DNP ní 1,000 wákàtí ìdánrawò lábẹ́ àbójútó láti ìgbà tó ti parí BSc. Wákàtí másítà lè wọ inú rẹ̀, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó fún ọ ní másítà ló gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ibí yìí ló ti ń há fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí transcript tiwa ń sọ unit, kì í sọ wákàtí. Tètè lọ gba lẹ́tà náà. Ìlànà wọn tuntun, ti 2021, sọ 500 wákàtí ó kéré tán, nítorí náà jẹ́ kí yunifásítì yẹn fi iye tiwọn ránṣẹ́ sí ọ nínú ímeèlì, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí kò bá sí CCNE tàbí ACEN, àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ètò náà, fi sílẹ̀.

Tíátà Kàdúná:
Fún àwọn tó ń wo anẹsitísíà (fífún aláìsàn ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ): láti oṣù kìíní 2022, ètò oyè dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ẹ̀ka náà ń wọ̀ l'Amẹ́ríkà. Másítà ò tó mọ́.

Ará Sámárù:
Ẹ wá alábòójútó kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù PhD. Ẹ kọ ojú ìwé méjì lórí ohun tí ẹ fẹ́ wádìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó bá ráyè ni ẹ̀ka máa fi í sí, àkòrí á sì máa yí padà lọ́dọọdún.

Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, tún ń jẹ àkókò. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn mẹ́ta ni ẹ ti máa gba dátà, ẹ mú ìwé lọ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì gba dátà kankan ṣáájú, kò sí ìgbìmọ̀ tó máa fọwọ́ sí i lẹ́yìn.

Ní ti 384 tí gbogbo èèyàn ń kọ gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè nínú ìwádìí: tí ẹ bá rò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ní dáhùn, ẹ fi 0.9 pín in, ó di 427. Àmọ́ tí gbogbo nọ́ọ̀sì ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) tó wà níbi tí ẹ ń lọ kò bá ju 60 lọ, ẹ gba gbogbo wọn, kí ẹ gbàgbé 384.

Bàbá Ìwé, Ábùjá:
Owó ẹ̀kọ́ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó lé ilé ìwé gíga, wà fún àwọn olùkọ́ ilé ìwé gíga ìjọba, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún PhD kíákíá ti Kùtọnu: ní oṣù kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí Bìnì Olómìnira àti Tógò dúró. Kí lẹ́tà ìsinmi ẹ̀kọ́ sì wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ ka iye ọdún tí ẹ máa padà wá fi sin ilé ìwòsàn yín.

Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà:
Ẹ ṣeun gan-an, PhD ni mo máa ṣe. Haúsá nìkan ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa gbọ́. Ṣé ẹnì kan náà lè tú ìwé ìbéèrè tí mo máa fi ṣe ìwádìí sí Haúsá kó sì tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì?

Ará Sámárù:
Rárá o. Ẹni tó ti rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á kàn máa rántí ohun tó wà níbẹ̀ ni. Kí ẹnì kan tú u sí Haúsá, kí ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì náà rí tú u padà, kí ẹ wá gbé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lára nǹkan bí ìdá mẹ́wàá iye èèyàn tí ẹ fẹ́ lò, ní ilé ìwòsàn tí kò sí nínú iṣẹ́ yín. Tí Cronbach alpha, òǹkà tó ń fi hàn bóyá àwọn ìbéèrè náà bára mu, bá wà lábẹ́ 0.7, ẹ wá ìbéèrè tó ń fà á sẹ́yìn, kí ẹ tún un tú kí ẹ tó yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìrora àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló sábà máa ń bàjẹ́. Haúsá Kánò àti ti Sókótó kò sì dọ́gba, torí náà kí olùtumọ̀ jẹ́ ẹni tó gbọ́ irú èyí tí àwọn aláìsàn yín ń sọ.