Lórí "aláwàdà", "ẹlẹ́fẹ̀" àti "kabarẹ́": èsì mi nípa àwọn ọmọ Bùlùgáríà méjì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ kí á máa pe ẹni tó ń fi ewì tàbí orin bá àwọn aláṣẹ wí lọ́nà ẹ̀rín, irú àwọn tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ọ̀kan nínú wa ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ọmọ Bùlùgáríà méjì fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka Yorùbá: Hristo Smirnenski, akéwì, àti Ari Leschnikoff, akọrin. Wọ́n dábàá "aláwàdà" fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì dábàá "ilé ijó" fún kabarẹ́, ìyẹn eré alẹ́ tí wọ́n ti ń fi orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ dá àwọn èrò lára yá. N kò fara mọ́ ìkankan nínú rẹ̀, ẹ ó sì fún mi láyè láti sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ náà "aláwàdà" kò ṣófo mọ́ nínú èdè wa. Láti ìgbà tí Moses Ọláìyá ti fi Aláwàdà pe ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ aláwàdà, Bàbá Sàlá ló ń wá sọ́kàn, pẹ̀lú gíláàsì gbàǹgbà ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n Smirnenski kọ́ ló ṣe é.

Ọdún 1898 ni wọ́n bí Smirnenski ní Kukush, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ottoman. Nínú ogun Balkan kejì ní 1913, ìlú náà jóná, òun àti ẹbí rẹ̀ sì sá wọ Sofia, olú-ìlú Bùlùgáríà. Ogunléndé ni Yorùbá ń pe irú wọn, ó sì dùn mọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti sọ gbogbo ìtàn náà, nítorí ogun ló lé wọn dé lóòótọ́. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń kọ ewì fún àwọn ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín Sofia, tó ń fi Vedbal ṣe orúkọ ìnagijẹ. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní 1917, ó sì kúrò níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn tó rí bí wọ́n ṣe fi ẹ̀jẹ̀ pa iná ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó ń ti ojú ogun bọ̀. Ìwé ewì rẹ̀ kan jáde ní 1922, tí mo bá ní kí n túmọ̀ àkọlé rẹ̀, "Kí Ilẹ̀ Mọ́!" ni mo máa kọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní oṣù kẹfà ọdún 1923, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí wọ́n fi ìbọn gba ìjọba ní Sofia. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn tó kọ̀wé fún ń jẹ́ "Smyah i salzi", ìyẹn "Ẹ̀rín àti Omijé". Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni tirẹ̀, ẹ̀rín náà sì ní ẹni tí ó ń tọ́ka sí. Àwàdà lè má ní ẹni tó ń bá wí rárá. Ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ ní.

Ìtàn kékeré kan tó kọ ní ọdún ikú rẹ̀ ni mo fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò, torí mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn gíga olókùúta dídán. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni ọ́, ó ní mẹ̀kúnnù ni òun láti ìran, alákìísà ni gbogbo arákùnrin òun, òun sì fẹ́ gòkè lọ gbẹ̀san ìyà wọn lára àwọn ọlọ́lá tó wà lókè. Sàtánì ló ń ṣọ́ àtẹ̀gùn náà. (N kò kọ "Èṣù", nítorí òrìṣà ni Èṣù, kì í ṣe Sàtánì, àríyànjiyàn yẹn sì ti gbó lọ́dọ̀ wa ju kí n tún dá a sílẹ̀ lónìí lọ.) Sàtánì ní òun á jẹ́ kó kọjá bó bá fún òun ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà, ìkérora àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì di ẹ̀rín létí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ojú, àkísà wọn sì di aṣọ olówó iyebíye, egbò ara wọn di òdòdó pupa. Nígbà tó ku àtẹ̀gùn kan, Sàtánì gba ọkàn rẹ̀ àti ìrántí rẹ̀, ó sì fi ọkàn oníwúrà rọ́pò. Nígbà tí ó débẹ̀, Sàtánì tún bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ pé ta ni ọ́, ó sì dáhùn pé ọmọ ọba ni òun láti ìran, àwọn òrìṣà ni arákùnrin òun, ayé mà dára o, inú àwọn ènìyàn mà dùn o.

Ibi tí iṣẹ́ ti dojú rú fún mi nìyí. "Mẹ̀kúnnù" rọrùn. "Ọmọ ọba" ni kò gbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ènìyàn lè jẹ́ ọmọ ọba kó sì máa jẹ ẹ̀kọ mímu lásán. Ìdílé ọba pọ̀, ìran kì í sì í sá fún ẹni tó bá di tálákà. Tí mo bá kọ "ọmọ ọba", òǹkàwé mi lè rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kàn rántí oríkì ìdílé rẹ̀ ni, oró inú ọ̀rọ̀ náà á sì ti kú. "Ọmọ ọlọ́lá ni mí láti ìran" ni mo wá fi sí i, kí ó lè dojú kọ "mẹ̀kúnnù ni mí láti ìran" lójúkojú. Aláwàdà kò nílò irú ìṣọ́ra yìí, nítorí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀. Ti ẹlẹ́fẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, "akéwì ẹlẹ́fẹ̀" ni mo dábàá fún Smirnenski, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì máa jẹ́ "ewì ẹ̀fẹ̀". Àwọn ará Kétu àti Yewa kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìtumọ̀, nítorí wọ́n mọ alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nígbà tí olórin inú agọ̀ máa ń dárúkọ ìwà burúkú àwọn ènìyàn ńlá lójú ọjà. Ọ̀gá wa kan ti kọ̀wé pé ìyàtọ̀ wà, pé ẹ̀fẹ̀ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ààbò àwọn ìyá lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ti Yúróòpù kò sì ní. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Rayko Aleksiev, tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, tó sì dá ìwé ìròyìn "Shturets", ìyẹn "Ìrẹ̀", sílẹ̀ ní Sofia ní 1932, ya Stalin, olórí ìjọba Kọ́múníìsì Soviet, pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fara mọ́ Soviet ní oṣù kẹsàn-án 1944, wọ́n mú un, lílù sì pa á kí ọdún náà tó parí. Ṣùgbọ́n ààbò kọ́ ló sọ iṣẹ́ di ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí a ń bá wí ni.

Ó ku Leschnikoff, níbi tí mo ti yàtọ̀ pátápátá sí àwọn tó ṣáájú mi. Haskovo ni wọ́n ti bí i ní 1897. Ó lọ kọ́ orin ní Berlin, ó sì wà lára àwọn agberin ní gbọ̀ngàn Grosses Schauspielhaus kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí Harry Frommermann fi ìpolówó inú ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Comedian Harmonists ni wọ́n ń jẹ́, akọrin márùn-ún àti atẹdùùrù kan, ohùn tínrín tó wà lókè jùlọ sì ni tirẹ̀. Ọ̀kan nínú orin tó gbayì jù fún wọn, ti 1934, dá lórí igi ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan tó jábọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lu aládùúgbò lójú. Ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀?

Ẹnìkan ní bí ìjọba Hitler ṣe fòfin dè wọ́n ní 1935 fi hàn pé ẹlẹ́fẹ̀ ni wọ́n. Rárá o. Júù ni mẹ́ta nínú wọn. Ohun tó fa òfin náà nìyẹn, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ lórin. A kò gbọdọ̀ fi ìyà tó jẹ ènìyàn ṣe ìtumọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. "Akọrin" ni kí ẹ pe Leschnikoff, tàbí "akọrin aláwàdà" bí ẹ bá fẹ́. Ó padà sí Bùlùgáríà, Sofia ló sì kú sí ní 1978.

Ní ti kabarẹ́, àwọn ará Jámánì fúnra wọn pín in sí méjì: wọ́n ń fi C kọ èyí tó jẹ́ ijó àti fàájì, wọ́n sì ń fi K kọ èyí tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ní abẹ́ ilẹ̀ Grosses Schauspielhaus yẹn gan-an ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ kabarẹ́ "Schall und Rauch" ní 1919, tí Kurt Tucholsky àti Walter Mehring ń kọ̀wé fún, nígbà tó jẹ́ pé lórí ìtàgé ńlá tó wà lókè ni ẹgbẹ́ Leschnikoff ti kọ́kọ́ jáde ní 1928. "Ilé ijó" kò lè gbé àwọn méjèèjì. "Ilé ìgbafẹ́" tó fún ti C. Fún ti K, "agbo ẹ̀fẹ̀" ni mo fẹ́, nítorí àwọn ènìyàn tó pé jọ ló ń jẹ́ kabarẹ́, kì í ṣe ilé. Kí ẹ kọ "kabarẹ́" ní ìgbà àkọ́kọ́ kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

"Láti ìran" inú ìtumọ̀ mi kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ní èdè Bùlùgáríà, "nípa ìbí" ni, ó sì ṣe ṣókí ju tèmi lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí olùkọ̀wé wa tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.