Ìbàdí ń ro mí lórí forklift: ṣé ọkọ̀ ló fà á ni?

AwakọForklift:
Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Forklift, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, ni mò ń wà nílé ìkẹ́rùsí, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìbàdí ti ń ro mí. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, mi ò lè nàró lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí n kọ́kọ́ di ọkọ̀ mú. Ọrùn náà ń le, torí pé ẹ̀yìn ni mo máa ń kọjú sí tí ẹrù bá dí mi lójú níwájú. Ọ̀gá wa ní ọjọ́ orí ni, kí n ra bẹ́líìtì ìbàdí. Ṣé ọkọ̀ lè ṣe èèyàn báyìí?

ÀgbàKatakata:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ó lè ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ forklift ni kò ní sípíríǹgì bíi ti mọ́tò, rọ́bà líle tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ sì ni táyà wọn. Gbogbo ihò tí o bá gbà kọjá, ẹ̀yìn rẹ ló ń gbà á. Iṣan ibẹ̀ á máa fà le ṣinṣin kó má baà jẹ́ kí o ṣubú, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Èyí tí o wá ń yí ọrùn wò ẹ̀yìn nígbà tí ara ń gbọ̀n yẹn, ìyà méjì ni.

Jọ̀ọ́, wo ìjókòó rẹ lọ́la. Ọ̀pọ̀ ló ní kókó tí wọ́n ń yí láti fi tò ó sí ìwọ̀n ara awakọ̀, nọ́ńbà kílò á wà níbẹ̀. Bí ẹni 60 kílò bá wà á ṣáájú rẹ, tí ìwọ jẹ́ 95, tí o kàn jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀, ìjókòó á rì dé ìsàlẹ̀. Tí táyà bá wá bọ́ sí ihò, wàá gbọ́ "gbà!", irin kan irin. Gbà yẹn ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́ jù. Kó tó di pé o ra bẹ́líìtì, to ìjókòó. Bẹ́líìtì ò dá gbígbọ̀n kankan dúró. Rọra sáré lórí ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Má sì fò sílẹ̀ kí o lọ gbé ẹrù wúwo lójú ẹsẹ̀, rìn díẹ̀ ná.

Oníṣẹ́Ààbò:
Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé òfin wà fún gbígbọ̀n ọkọ̀ níbòmíràn. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2002 ni òfin 2002/44/EC ti wà: tí gbígbọ̀n gbogbo ara bá kọjá 0.5 m/s² (ìwọ̀n bí gbígbọ̀n ṣe le tó) fún iṣẹ́ wákàtí 8, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i; kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá 1.15 rárá. Kí wọ́n dí ihò ilẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìrora náà ń sọ̀kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Tí àárín itan bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà láìròtẹ́lẹ̀ tàbí tó kọ̀ tí kò jáde, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

AwakọForklift:
Kò tíì wọ ẹsẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ti wo ìjókòó náà: 50 ló wà, 88 sì ni èmi. Kókó rẹ̀ ti dípẹtà, kò yí.

ÀgbàKatakata:
Má fi tipátipá yí i. Kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò àárọ̀, kí o sì pe mẹkáníìkì kí ẹnikẹ́ni tó tún gun ọkọ̀ yẹn.