Ẹ̀yìnkùlé ilé tá a fẹ́ tà ti digbó, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́

ỌmọMọníyà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé bàbá wa ní Mọníyà n'Íbàdàn la fẹ́ tà, gbogbo ẹbí ti fọwọ́ sí i, àmọ́ látìgbà táwọn tẹ́náǹtì ti kó jáde, ẹ̀yìnkùlé ti di igbó, ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá ti ga dójú fèrèsé, fíríìsà tó ti kú wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, páànù àlòkù, ògiri fẹ́ǹsì ti dúdú, omi ìdáná ò rí ibi ṣàn lọ. Èjẹ́ǹtì mú oníbàárà kan wá, bàbá yẹn ò ju ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, ó ní ṣé kò séjò níbẹ̀ báyìí, ló bá padà sínú mọ́tò. Ẹnì kan ní ká da íńtálọ́ọ̀kì síbẹ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Bíríkìlà01: Íńtálọ́ọ̀kì kẹ̀! Ẹni tó bá rà á lè fẹ́ kọ́ bọ́ìsì kọ́tà síbẹ̀ lọ́la, á hú gbogbo ẹ̀ dànù. Àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n gbé sìkéèlì dání, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da bàbà tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ pọ̀ mọ́ páànù torí bàbà lowó lórí jù ú lọ dáadáa. Owó yẹn lẹ máa fi san lébìrà. Ẹ la gọ́tà kékeré fún omi ìdáná yẹn, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ. Fẹ́ǹsì, ẹ fi bílíìṣì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á bó.

Àgbẹ̀Alágbàdo: Ẹ̀kan ò gbọ́ àdá o. Tẹ́ ẹ bá ṣán an lónìí, abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ wà, òjò méjì péré ó ti yọrí. Ẹ ṣán an, ẹ jẹ́ kó hu ewé tuntun, kẹ́ ẹ wá fín in ní oògùn tó máa ń wọ gbòǹgbò lọ (glyphosate), láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ò ní rọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbẹ tán, torí náà ẹ má dúró dìgbà tí oníbàárà bá ń bọ̀ lọ́la. Tí kànga bá wà níbẹ̀, ẹ má fín in súnmọ́ ọn rárá, ọkọ́ ni kẹ́ ẹ fi ro ibẹ̀.

ÌyáÌbejì: Ẹ má da àwọn tó máa ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn jàre. Èmi ra ilé tí ẹ̀yìn ẹ̀ digbó, igbó yẹn gan-an ni mo fi nájà 😂. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní mo máa ní "igbó yìí ńkọ́?", wọ́n á já owó wálẹ̀. Owó tí wọ́n já fún mi ju owó lébìrà lọ fíìfíì.

Sọ́fèyọ̀: Ohun tẹ́nì kan ò tíì sọ: òpó kọnkéré kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí, tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún lébìrà kó má hú u o! Bíkìnì (beacon) nìyẹn, òun ni àmì ààlà ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á máa mú sọ́fèyọ̀ tiẹ̀ wá, nọ́ńbà yẹn ló máa fi wéra pẹ̀lú ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà. Ẹ ro ìdí ẹ̀ dáadáa kí ojú rí i.

ỌmọMọníyà: Ẹ ṣé gan-an. Sọ́fèyọ̀, ọ̀kan ti yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì lóòótọ́, a rò pé òkúta lásán ni. Igi máńgòrò ńkọ́, ká gé e?

Bíríkìlà01: Rárá o, ibòji ẹ̀ wúlò. Ẹ̀ka tó ń gbá páànù nìkan ni kẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ sì gbá ewé kúrò lórí òrùlé.