Ẹ gbà mí o: àwọn èèyàn inú Oxygen Not Included mi kò rí afẹ́fẹ́ mí, ṣé kí n dá géèmù yìí padà ni?

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú ń bí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Oxygen Not Included, àwọn èèyàn kéékèèké olójú ńlá ni mo rí, tí wọ́n ń gbẹ́ inú àpáta kiri. Ó dùn ún wò. Mo rò pé géèmù ìgbafẹ́ ni, irú èyí tá a fi ń sinmi lálẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tún fọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní kábàámọ̀. Ìlú kẹta tí mo tẹ̀dó rèé, bákan náà ni gbogbo wọn ń já sí.

Tó bá ti di òru, èémí á há mọ́ wọn lọ́fun. Wọ́n á ta jí lórí ibùsùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á sá gun àkàbà lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sẹ́ni tó sùn tó, iṣẹ́ ò sì ní lọ. Mealwood (ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀) 20 ni mo gbìn, kò sí ọ̀kan tó ń dàgbà mọ́. Growth Halted ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo fara balẹ̀ kọ́ ìlú yìí. Mo gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, mo gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, yàrá kálukú wà létòlétò, ilẹ̀kùn gidi sì wà lára gbogbo wọn. Oxygen Diffuser méjì, ẹ̀rọ tó ń tú ọ́síjìn síta, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Iná wà, omi wà. Cycle 37, ìyẹn ọjọ́ 37 nínú géèmù, la wà. Kí ló kù tí mi ò ṣe? Ṣé kí n gba owó mi padà ni?

Àgbẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Àmọ́ o sọ̀rọ̀ òdòdó, o sọ̀rọ̀ àwòrán, o ò sọ iye èèyàn tó wà nílùú. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Dupe kan, ìyẹn èèyàn inú géèmù, ń fa ọ́síjìn gíráàmù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oxygen Diffuser kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Algae Deoxydizer tẹ́lẹ̀, ń jẹ algae (ewé inú omi) gíráàmù 550, ó sì ń tú ọ́síjìn 500 síta. Ẹ̀rọ kan tó èèyàn márùn-ún, méjì tó mẹ́wàá, kò lé ẹyọ kan.

Tẹ F1, wo ibi tí afẹ́fẹ́ dé àti ibi tí kò dé. Tẹ F3, wo bí oko ṣe gbóná tó. Kó o wá sọ fún wa: èèyàn mélòó? Algae mélòó ló kù? Iye wo ni F3 sọ?

Ọmọ Ìlọrin
Tèmi ni pé kó o fi sílẹ̀. Bó o bá fẹ́ sinmi, Stardew Valley ló yẹ kó o rà. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ló ṣe é tó fi jáde ní 2016. Èèyàn á gbin parsnip, á bomi rin ín, á lọ sùn. Kò sí pé èémí ń ká ẹnì kankan lára.

Àǹtí Wáyà
Ọmọ Ìlọrin, kò béèrè géèmù míì. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kọ́ là ń júwe ilé onílé fún.

Ọmọ Mókọ́lá, ọ̀rọ̀ owó nìyí: Steam, ilé ìtajà géèmù, ń dá owó padà bí o bá béèrè láàárín ọjọ́ 14 tó o rà á, tí wákàtí tó o fi ta á kò sì tíì tó 2. Wákàtí mélòó lo ti lò? Wò ó nínú Library rẹ.

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀, òdòdó àti àwòrán kì í ṣe àṣejù o. Géèmù fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé Decor, ìyẹn ẹwà ilé, máa ń mú inú wọn dùn sí i, ẹ má fi bá mi wí. Algae kù tọ́ọ̀nù 9. F3 sọ pé oko wà ní 34°C. Àǹtí, wákàtí 19 ló wà níbẹ̀.

Àǹtí Wáyà
19! A ti sọ̀rọ̀ owó tán nìyẹn. Jẹ́ ká wá bí ìlú á ṣe gbé.

Àgbẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
Oko ti fara hàn. Àárín 10°C sí 30°C ni Mealwood ń dàgbà. Bó bá kọjá 30, á dúró gbagidi. Kò kú o, ó kàn ń dúró de kí ilẹ̀ tutù ni. Bó bá padà sí 29, á tẹ̀ síwájú. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tàbí lábẹ́ rẹ̀? Nǹkan kan ló ń gbóná níbẹ̀.

O ò sì tíì sọ iye èèyàn.

Bàbá Háídírójìn
Kí la tún ń fi algae ṣe? Algae á tán lọ́jọ́ kan. Kọ́ Electrolyzer. Ọ̀kan ń mu omi kìlò 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ń tú ọ́síjìn gíráàmù 888 àti háídírójìn 112. Gbé háídírójìn yẹn lọ sínú Hydrogen Generator, á fún ọ ní wáàtì 800. Gas Pump méjì á jẹ 480 nínú rẹ̀, Electrolyzer á jẹ 120, 200 á ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ náà á máa bọ́ ara rẹ̀. Háídírójìn fúyẹ́, òkè ló máa ń lọ, nítorí náà fi pọ́ńpù tirẹ̀ sókè yàrá, kó o fi ti ọ́síjìn sísàlẹ̀.

Àgbẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
Bàbá, ẹ dákun. Ìṣirò yín péye, àmọ́ àkókò rẹ̀ kọ́ nìyí. Ọ́síjìn tó ń jáde lára Electrolyzer kì í tutù ju 70°C lọ. Oko ẹni tó ti wà ní 34 lẹ fẹ́ da afẹ́fẹ́ 70 lé lórí?

Bàbá Háídírójìn
Mo mọ̀. Á fi Radiant Gas Pipe, páìpù tó ń jẹ́ kí ooru tètè jáde, gba inú ilẹ̀ oníyìnyín kọjá kí afẹ́fẹ́ náà tó wọlé.

Àgbẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
Radiant Gas Pipe gba irin tí wọ́n ti yọ́ mọ́. Ṣé ẹni tí èémí ń ká lára lórí ibùsùn ló fẹ́ ráyè lọ fọ́ irin nínú Rock Crusher, tí ìdajì rẹ̀ á di iyanrìn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mí ná. Electrolyzer ń bọ̀, mi ò ní kó má kọ́ ọ.

Bàbá Háídírójìn
Kó ṣáà má pẹ́. Mo ti rí ìlú tó gbójú lé algae títí tó fi tán.

Ọmọ Mókọ́lá
Ohun tó wà lábẹ́ oko: Coal Generator (ẹ̀rọ tó ń fi èédú mú iná wá) méjì àti bátìrì mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo gbé wọn sí kí wáyà má bàa gùn, ó sì mọ́ lójú bẹ́ẹ̀. Yàrá ibùsùn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ariwo iṣẹ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Manual Airlock ni mo fi ṣe gbogbo ilẹ̀kùn, nítorí mo gbọ́ pé Slimelung, àrùn tó ń wá láti inú slime (ẹrẹ̀ tó ń yọ̀), máa ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Ìyẹn náà ò dáa ni?

Àǹtí Wáyà
Ó dáa lẹ́nu ibi tí slime wà. Kò dáa lẹ́nu yàrá oorun. Bí Manual Airlock bá ti pa dé, afẹ́fẹ́ kankan ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Pneumatic Door ni kó o fi rọ́pò wọn: bó tilẹ̀ wà ní pípa dé, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru. Carbon dioxide wúwo ju ọ́síjìn lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Coal Generator kan ń tú gíráàmù 20 rẹ̀ síta ní ìṣẹ́jú àáyá, ní 110°C. Tìrẹ jẹ́ méjì, 40 nìyẹn. Èèyàn kan ń mí gíráàmù 2 péré síta. Gbogbo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn tó ń sùn, o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò níbi tó máa gbà jáde. Bó o bá tẹ F1 lóru, wàá rí i pé ibùsùn gan-an ló bò mọ́lẹ̀.

Bátìrì náà ò gbẹ́yìn. Bátìrì lásán ń tú ooru kDTU 1.25 (ìwọ̀n ooru nínú géèmù) síta ní ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 5. Generator kọ̀ọ̀kan ń tú 9. O tanná sábẹ́ oko nìyẹn.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ̀yin náà ẹ wo ìṣirò tí ẹ ń kó sílẹ̀ fún ẹni tó ní òun fẹ́ sinmi. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Aṣọ́nà Ẹgbẹ́
Ọmọ Ìlọrin, a ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ìbéèrè. Ọmọ Mókọ́lá, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti béèrè iye èèyàn rẹ, o ò dáhùn. Mélòó ni wọ́n?

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ má bínú. 14 ni wọ́n. Ṣé ẹ rí i, cycle mẹ́ta mẹ́ta ni Printing Pod (ẹ̀rọ tó ń ṣe èèyàn) ń tàn, tó ń gbé èèyàn tuntun wá, mo sì rò pé dandan ni kí n mú ọ̀kan. Kò dáa lójú mi kí n máa kọ èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn tún ní Mouth Breather, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà.

Àgbẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
Háà! Àbúrò, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde yìí.

Kì í ṣe dandan. Reject All wà nísàlẹ̀ ojú ewé yẹn. Láàárín àwọn tó ń gbé wá, ẹrù náà máa ń wà, irúgbìn, ẹyin tàbí algae. O lè mú ẹrù, kó o fi èèyàn sílẹ̀. Àmọ́ èyí tó ti wọlé ti wọlé, kò sí bọ́tìnì tó ń dá dupe padà sínú Pod. Autosave kò sì ní gbà ọ́, torí bó o bá padà sí cycle 30, wọ́n ti pọ̀ jù náà.

Mouth Breather ń fi gíráàmù 100 lé ti ẹlòmíì. Òun nìkan ń mí 200. Àwọn 13 ń mí 1,300. Àpapọ̀ jẹ́ 1,500, ẹ̀rọ rẹ méjì sì ń mú 1,000 wá. Ẹ̀rọ kẹta á dí i rẹ́gí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa jẹ algae tó tó kìlò 990 ní cycle kan, torí cycle kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 600. Tọ́ọ̀nù 9 rẹ á gbé ọ fún cycle 9. Láàárín cycle 9 yẹn ni kó o kọ́ ohun tí Bàbá Háídírójìn sọ. Èmi àti wọn ò jà.

Bàbá Háídírójìn
Electrolyzer méjì ni yóò nílò fún 1,500. Kó ti máa wá geyser omi, ihò tó ń tú omi jáde láti inú ilẹ̀, láti òní lọ.

Àǹtí Wáyà
Bó o ṣe máa tò ó nìyí, má ṣe yí i padà. Pa Coal Generator méjèèjì ní báyìí, má dúró de ọ̀la. Diffuser mẹ́ta ń jẹ wáàtì 360, Manual Generator kan ń mú 400 wá, èèyàn kan lórí rẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà, paàrọ̀ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀ yàrá ibùsùn, kó o fi Airflow Tile ṣe ilẹ̀ yàrá náà: afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi ò lè gbà á. Carbon dioxide á rọ̀ sínú kòtò. Gbé Ration Box síbẹ̀, oúnjẹ kì í tètè bà jẹ́ nínú carbon dioxide. Bó o bá máa padà sórí coal, gbé e jìnnà sí oko, fi Insulated Tile, èyí tó ń dènà ooru, là á láàárín, kìlò 400 ni ọ̀kan ń gbà. Kó o sì fi Smart Battery sí i, kí generator máa dákẹ́ bí iná bá ti kún.

Alápáta Hatch
Mi ò ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kó fi Oxygen Diffuser kún un, ọ́síjìn ló ń wọ́n ọn.

Aṣọ́nà Ẹgbẹ́
A ti sọ ọ́.

Alápáta Hatch
Ó dáa. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹni 14, Mealwood 20?

Àgbẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
O bi í re. Èèyàn kan ń jẹ kcal 1,000 ní cycle kan. Mealwood kan ń so kcal 600 ní cycle mẹ́ta, ìyẹn 200 lójúmọ́. Márùn-ún ló ń bọ́ ẹnì kan. 20 rẹ ń bọ́ mẹ́rin. Ẹni 14 nílò 70, wọ́n á sì máa jẹ ilẹ̀ kìlò 700 ní cycle kan. Má ṣe dúró kí ibẹ̀ tutù: hú wọn, irúgbìn á padà sí ọ lọ́wọ́, gbìn wọ́n síbi tí F3 bá ti sọ 22 tàbí 23. Kó o fi Microbe Musher, ẹ̀rọ ìdáná, sọ Meal Lice tí Mealwood ń so di oúnjẹ Liceloaf. Kcal 1,200 pẹ̀lú omi kìlò 50 á di 1,700.

Alápáta Hatch
Kó pa Hatch, ẹranko inú géèmù, tó ń rìn kiri nílùú. Ọ̀kan ń fúnni ní ẹran kìlò 2, kcal 3,200 nìyẹn.

Àǹtí Wáyà
Hatch ló ń ya coal fún un! Kó dá méjì tàbí mẹ́ta sí ó kéré tán.

Alápáta Hatch
Ẹ ní kó pa ẹ̀rọ coal. Kí ló ń fi coal ṣe?

Àǹtí Wáyà
Ní báyìí ni. Á padà sórí rẹ̀.

Ọmọ Mókọ́lá
Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ láti àná, cycle 42 la wà báyìí. Diffuser kẹta ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn kan wà lórí Manual Generator. Mo fi Pneumatic Door rọ́pò gbogbo Manual Airlock, àfi èyí tó wà lẹ́nu ibi slime. Mo tẹ F1 láàárín òru: inú kòtò ni carbon dioxide kó sí, ibùsùn mọ́ tónítóní, gbogbo wọn sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó ilé mi gan-an jókòó tì mí, ó ń wò wọ́n.

Mo hú Mealwood, mo gbìn ín sápá òsì ní 23°C, ó ń dàgbà. Mo pa Hatch mẹ́rin, mo dá méjì sí. Oúnjẹ ò tíì tó, oúnjẹ Mush Bar ni mo fi ń dí i, ilẹ̀ kìlò 75 àti omi kìlò 75 fún ọ̀kan, mo sì rí i pé omi ń fà lọ. Bàbá Háídírójìn, mo ti rí geyser kan lápá ọ̀tún, àmọ́ steam (ooru omi) ló ń tú jáde, 110°C ni. Ṣé ó wúlò?

Bàbá Háídírójìn
Ó wúlò gan-an. Cool Steam Vent nìyẹn. Fi Insulated Tile yí i ká kí ooru rẹ̀ má bàa dé ìlú, kó o sì jẹ́ kí steam náà tutù di omi kó o tó fà á. Omi á ṣì gbóná, Electrolyzer kò kọ̀ ọ́, àmọ́ má jẹ́ kí páìpù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ oko. Fi góòlù tí wọ́n ń pè ní Gold Amalgam ṣe pọ́ńpù, irin Copper Ore kì í fara da ooru tó bẹ́ẹ̀, á bà jẹ́.

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ ṣé o, Bàbá. Pod tún ti tàn. Dupe méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan mọ ilẹ̀ gbẹ́ dáadáa. Algae wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òun ni mo mú.