Bí DNA bá bá ti afurasí mu, ṣé ẹjọ́ ti parí nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn àti ìdájọ́ ni mò ń kọ́. Lónìí mo sọ ní kíláàsì pé tí DNA tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti pànìyàn bá ti bá ti afurasí mu, kí ni agbẹjọ́rò tún ń rojọ́ lé lórí? Gbogbo kíláàsì gbè mí, àfi olùkọ́ wa. Ó ní kí n lọ tún un rò. Mo ti rò ó títí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Láàbù:
Ọmọ mi, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò DNA fún kóòtù, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ lálaalẹ́. DNA ń sọ ẹni tó ni sẹ́ẹ̀lì. Kò sọ ìgbà tó débẹ̀, kò sì sọ ẹni tó gbé e débẹ̀.

Ní 2012, wọ́n pa ọkùnrin kan nínú ilé rẹ̀ ní California. DNA tó wà lábẹ́ èékánná òkú bá ti aláìnílé kan mu, ni wọ́n bá tì í mọ́lé fún oṣù bíi márùn-ún. Àṣé ọtí ti pa á lálẹ́ ọjọ́ náà, ọsibítù ló sùn! Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tó gbé e lọ síbẹ̀ ni wọ́n tún pè sídìí òkú náà ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà; ó jọ pé àwọn ni wọ́n gbé DNA rẹ̀ débẹ̀ láìmọ̀.

Èmi náà ti rí i rí. Nínú gbogbo àyẹ̀wò, a máa ń ní túùbù kan tí a kì í fi ẹ̀rí kankan sí, kí a lè mọ̀ bóyá ìdọ̀tí wọlé. Lọ́dún kẹta mi, DNA tèmi gan-an ló jáde nínú túùbù yẹn. Mo wọ ibọ̀wọ́, mo bo imú. N kò sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí mo ń ronú nípa ẹni tí ì bá ti ṣẹ̀wọ̀n.

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Ẹ ṣeun, Mà. Kí ọmọ wa fi ti ìṣirò kún un. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù ló lè bá a mu, nínú ìlú ènìyàn mílíọ̀nù 10, ó tó ènìyàn 10 nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:
Háà! Ṣé DNA kò wúlò mọ́ nìyẹn, Mà?

Ìyá Láàbù:
Ó wúlò o! Ní 1986, ọmọ ọdún 17 kan ní England ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá pé òun pa ọmọbìnrin kan. Àyẹ̀wò Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Leicester, ló fi hàn pé kì í ṣe òun. DNA kan náà ló sì mú Colin Pitchfork, apànìyàn náà gan-an, tí wọ́n dá lẹ́bi ní 1988. Ìdáǹdè ọmọ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún kíláàsì mi, kí n tó sọ ti ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n.

Lọ́jọ́ tí o bá dúró ní kóòtù, béèrè àbájáde túùbù òfìfo yẹn. Bí wọn kò bá mú un wá, má tíì jókòó.